Orin tí mo fún ní òdo

Mo ní ìwé kan tí n kì í fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ ti ká, omi sì ti dà sí ìdajì rẹ̀ rí. Kò sí àṣírí gidi nínú rẹ̀. Orúkọ orin ni, láti ojú ewé kan dé èkejì, pẹ̀lú àmì kan níwájú orin kọ̀ọ̀kan. Orin tó bá wọ̀ mí lára dé egungun ń gba ìràwọ̀. Èyí tó kàn wà níbẹ̀, tí kò ṣeni lóore tí kò ṣeni níbi, ń gba ilà. Èyí tó jẹ́ pé bí mo bá ń gbọ́ ọ, ojú ń tì mí nítorí ẹni tó kọ ọ́, òdo ni tirẹ̀.

Iṣẹ́ alẹ́ ló bí ìwé yìí. Ẹ̀rọ ni mò ń ṣọ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà ìdájí, ẹ̀rọ ọ̀hún kì í sì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ àfi tó bá fẹ́ bàjẹ́. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń mú olórin kọ̀ọ̀kan, tí mò ń gbọ́ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ láti orí àwo àkọ́kọ́ dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, láìfo ìkankan. Òfin ibẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń gbọ́ àkójọ àwọn orin tó lókìkí jù nìkan kò tíì mọ olórin náà, aṣọ òde rẹ̀ ló mọ̀. Èmi fẹ́ rí i ní ìdájí, kó tó bọ́jú, kó tó ya irun.

(Ní èdè wa, ẹni tó fi ẹnu kọ orin àti ẹni tó fi gègé kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pè wọ́n. Ẹni tó fi gègé kọ ọ́ ni mo ní lọ́kàn níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ló sábà máa ń fi ẹnu kọ ọ́.)

Bob Dylan ló kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Ọkùnrin yìí kọ "Like a Rolling Stone" ní 1965 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 24, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti lítíréṣọ̀ ní 2016. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé ọdún 1989 rẹ̀, inú mi dùn, torí pé Oh Mercy ni mo bá níbẹ̀, ìràwọ̀ ń tẹ̀ lé ìràwọ̀. Mo bu omi mu, mo tẹ àwo tó tẹ̀ lé e, Under the Red Sky, ti 1990. Orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni "Wiggle Wiggle". Bí ẹ ò bá tíì gbọ́ ọ rí, kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Ó ń pàṣẹ fún èèyàn pé kó máa mì, kó máa gbọ̀n, kó máa mì bí ọbẹ̀ inú abọ́, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi parí. Slash ló ń ta gìtá níbẹ̀. George Harrison, Elton John àti Stevie Ray Vaughan náà wà nínú àwo kan náà. Gbogbo àgbà ló pé, ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu wọn.

Mo dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo ní bóyá mo ṣì í gbọ́ ni. Mi ò ṣì í gbọ́. Mo fa òdo náà débi pé báírò fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já sí òdìkejì.

Lẹ́yìn àwo yẹn, ọdún méje ló kọjá kí Dylan tó tún kó orin tuntun tó kọ fúnra rẹ̀ jáde. Orin àtijọ́ ló kọ sórí àwo méjì tó ṣe ní 1992 àti 1993. Nígbà tí Time Out of Mind wá jáde ní 1997, òun ló gba Grammy àwo tó dára jù. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé bóyá òun náà jókòó gbọ́ "Wiggle Wiggle" padà ni.

Àlàyé tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe ni pé ẹni tó bá ń ṣe púpọ̀ yóò ṣì ṣe. Òótọ́ ni. Irving Berlin lo ọdún 101 láyé, ó sì kọ orin tó tó 1,500. Kò mọ àmì orin kà, eyín dúdú orí dùùrù ló sábà máa ń tẹ̀, ó sì ní dùùrù kan tí wọ́n ṣe ọgbọ́n sí nínú kó lè máa bá a gbé ohùn sókè sódò. Nínú 1,500 yẹn, ẹ ka èyí tí ẹ mọ̀ fún mi. Franz Schubert kò pé ọdún 32 tó fi kú, orin tó kọ fún ohùn èèyàn sì lé ní 600. Ní 1815 nìkan, tó jẹ́ ọmọ ọdún 18, ó kọ bíi 140. "Erlkönig" wà lára wọn, èyí tí wọ́n ṣì ń kọ títí dòní. Ta ló ń kọ ìyókù?

Àlàyé yẹn dára fún ìṣirò, kò dára fún etí. Bó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ni ọ̀ràn náà, à bá retí pé kí orin tó kùnà máa jọra wọn láti ọ̀dọ̀ olórin kan dé òmíràn, bí ìgbà tí igi dáná tí gbogbo rẹ̀ di eérú kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òdo Dylan jọ Dylan. Òdo Paul McCartney, tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin The Beatles, bí wọ́n bá bo orúkọ rẹ̀ tí wọ́n ní kí n gbọ́ ọ, màá mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n ní kò dára náà ló mú imú bàbá rẹ̀ tí gbogbo ayé ń yìn, ó kàn jẹ́ pé lójú tirẹ̀, imú náà tóbi jù.

Ara mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Láti ọmọ ọdún 19 dé 24, mo kọ orin 43. Ọ̀kan nínú wọn dára. Mo mọ̀ pé ó dára torí pé nígbà tí mo ta gìtá sí i fún ọ̀rẹ́ mi kan, ó gbàgbé fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ tó ń tàn, tó ń kú. Ohun tó mú orin náà dára ni pé ní òpin ẹsẹ ìkẹyìn, ohùn dúró, mo wá pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta láìsí gìtá nídìí rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kọ ọ́. Ní Ọjọ́rú, ara mi ṣì gbóná, mo kọ òmíràn, mo sì dá ohùn dúró ní òpin gbogbo ẹsẹ, mo ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rẹ́ mi yìí kan náà bi mí bóyá okùn gìtá já ni. Ọwọ́ kan náà ni, ọ̀sẹ̀ kan náà, ọgbọ́n kan náà. Mi ò rántí pé mo mọ ìyàtọ̀ kankan nínú ara mi láàárín ọjọ́ méjèèjì.

Ẹ wá wo Paul McCartney. Ohùn orin "Yesterday" bá a lójú oorun. Ó jí, ó jókòó sídìí dùùrù, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀rù bà á pé ó ti jí orin ẹlòmíràn, ó wá ń bi àwọn èèyàn kiri bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ níbì kan. Kó má bàa gbàgbé ohùn náà, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ fi sí i dá lórí ẹyin díndín. Nígbà tó jáde ní 1965, ó di ọ̀kan nínú àwọn orin tí àwọn olórin mìíràn tún kọ jù lọ láyé. Ohun tí mò ń wò níbẹ̀ ni pé kò lé e lọ. Ohun tó bá já bọ́ sí i lẹ́nu, ó gbẹ́kẹ̀ lé e. Orin ń wá bá ọkùnrin yìí bí ẹyẹ ṣe ń wá bà lórí òrùlé, kò sì í jù ú lókò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyẹ dáadáa nìkan ló ń bà lórí òrùlé. Ní 1972, lẹ́yìn tí BBC ti fòfin de orin rẹ̀ kan tó sọ̀rọ̀ nípa ìjọba Bírítéènì àti ilẹ̀ Ireland, èyí tó gbé jáde tẹ̀ lé e ni "Mary Had a Little Lamb". Bẹ́ẹ̀ ni, orin jẹ́lé-ó-sinmi náà gan-an. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Mary, ohùn kan sì ti bọ́ sí i lẹ́nu, ohùn náà sì dùn, kí ló tún kù? Mo fún un ní òdo, ègbè rẹ̀ sì wà lẹ́nu mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní òpin ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin yìí kan náà gbé Band on the Run jáde, àwo tí ayé ń yìn. Àwọn tó bínú sí Mary ní 1972 ì bá sọ pé kó máa yẹ ohun tó ń bọ́ sí i lẹ́nu wò dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó gbà. Mo sì rò pé bó bá ti gbà, "Yesterday" náà ì bá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹyin díndín lọ́wọ́, kí wọ́n tó lé e padà.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn "Ebony and Ivory" o. Òun àti Stevie Wonder, 1982, ọ̀sẹ̀ méje ló fi wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Òkè méjì pàdé, wọ́n bí kòtò. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Kí ẹ tó rò pé etí mi jẹ́ etí adájọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo dé orí Rubber Soul ti The Beatles, àwo ọdún 1965, etí ọ̀tún íapíìsì mi ti kú. Mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ní etí kan tó orin í gbọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé nínú ẹ̀dà sítẹ́rió ayé ìgbà yẹn, wọ́n a máa kó ohùn èèyàn sí apá kan, kí wọ́n kó ìlù àti gìtá sí apá kejì. Lórí Rubber Soul, apá ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ ohùn èèyàn bọ́ sí. Odidi alẹ́ kan ni mo fi gbọ́ ìlù, tí ohùn John Lennon, èkejì McCartney nínú ẹgbẹ́ náà, sì ń ṣe bí ẹni tó ń kígbe láti ilé kejì. Orin mẹ́fà ni mo fún ní òdo. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí etí ìwé pé: "Kí ló ṣe àwọn wọ̀nyí?"

Íapíìsì tuntun dé, mo tún un gbọ́, mo sì fi ìtìjú pa òdo márùn-ún rẹ́. Ẹyọ kan ló kù, "Run for Your Life", èyí tó kẹ́yìn àwo náà. Òun ni mo gbọ́ kedere tí mo sì tún wá kórìíra sí i, torí pé ní etí kan, mi ò gbọ́ pé ọkùnrin náà ń fi ikú halẹ̀ mọ́ ọmọbìnrin tó lóun fẹ́ràn. Lennon fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ọ̀rẹyìn pé òun kórìíra orin yẹn, àti pé inú orin kan tí Elvis Presley ti fi ẹnu kọ lòun ti yá ìlà tó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lennon ò fi ọ̀rọ̀ bò nípa òdo tirẹ̀. "Good Morning Good Morning", tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jó sí, pàǹtí ló pè é.

David Bowie ní tirẹ̀ kò rí ibi sá sí. Ní 1967, kó tó di ẹni tí ayé mọ̀, ó kọ orin kan nípa iwin kékeré kan tó ń rẹ́rìn-ín, "The Laughing Gnome", tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí ohùn inú rẹ̀ kó lè máa ké bí eku. Ní 1973 tó ti di ọba, wọ́n tún un gbé jáde, ó sì wọ ipò kẹfà ní Bírítéènì. Ní 1990, ó ní kí àwọn olólùfẹ́ òun máa fóònù wọlé láti yan orin tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nígbà tí òun bá ń rìnrìn àjò orin. Ìwé ìròyìn NME bá rọ àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé kí gbogbo wọn yan iwin. Kò kọ ọ́.

Àwọn kan gbà pé ìkánjú ló ń bí òdo. Fún irú wọn ni ìtàn tí Leonard Cohen máa ń sọ. Òun àti Dylan jókòó nílé kọfí kan ní Paris. Dylan bi í pé ọdún mélòó ni "Hallelujah" gbà á láti kọ. Cohen ní ọdún méjì. Irọ́ ni, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ló ń tì í láti sọ ọ́. Òun náà wá yin "I and I", orin Dylan, ó bi í pé ìgbà wo ni ìyẹn gbà. Dylan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ni sùúrù fún Cohen? Ó fún un ní "Hallelujah", tó wà nínú àwo Various Positions ti 1984, èyí tí ilé-iṣẹ́ agbórinjáde rẹ̀ kọ̀ láti tà ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Sùúrù náà kò ní kó má gbé "Jazz Police" jáde ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà, nínú I'm Your Man, tó jẹ́ pé ìràwọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú ewé rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ti gbọ́ orin ọlọ́pàá yẹn nígbà mọ́kànlá. Ó dà bí ẹni tó ń sọ àwàdà ní ibi ìpàdé tí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, tí kò sì jókòó. Ó sì jọ Cohen dáadáa: ìwà ẹni tó máa ń fi ojú àánú ṣe ẹ̀fẹ̀, tí ẹ̀fẹ̀ wá ju àánú lọ.

Ọ̀rọ̀ Stevie Wonder ló dá ìjà sílẹ̀ nílé. Láàárín 1972 sí 1976, ọkùnrin yìí ṣe àwo márùn-ún tí mi ò rí òdo kankan nínú wọn. Mẹ́ta nínú wọn ló gba Grammy àwo tó dára jù. Nígbà tí Paul Simon gba tirẹ̀ ní 1976, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Stevie Wonder pé kò gbé àwo jáde lọ́dún yẹn. Ní 1984 ni Stevie Wonder wá kọ "I Just Called to Say I Love You". Ẹ̀rọ ló ń lu ìlù ibẹ̀. Ó ka oṣù àti ọdún àjọ̀dún kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ pé kò sí èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn, pé òun kàn pè ni. Òdo. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti sọ pé n kì í fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni. Orí tábìlì ni mo gbàgbé rẹ̀ sí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì wá kí mi.

"Kí ni òdo yìí ń ṣe níwájú orin mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé."

"Mi ò ní kí o ṣàlàyé. Mo ní kí ló ń ṣe níbẹ̀."

Mo ní orin náà rọrùn jù. Mo ní ẹni tó ṣe Innervisions ní 1973, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló lu èyí tó pọ̀ jù nínú ohun èlò ibẹ̀, kò yẹ kó wá máa tẹ bọ́tìnnì ìlù.

Wọ́n wò mí. "Ìwọ, ṣé ẹnì kan ti pè ọ́ rí láìní ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ?"

Mi ò rí èsì.

"Má dáhùn. Mo mọ̀."

Wọ́n wá rán mi létí ọdún méjì tí ọkọ wọn fi wà lókè òkun kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Káàdì ìpè ni wọ́n ń lò nígbà náà, ó ń yára tán bí iná ìṣáná. Wọ́n ní lọ́jọ́ Àìkú mìíràn, kí ẹnì kan tó béèrè àlàáfíà ẹnì kejì, obìnrin inú ẹ̀rọ yóò ti máa sọ pé ó ku ìṣẹ́jú kan. "Ohun tí orin yẹn sọ, òun nìkan ni àyè máa ń wà fún. Ìwọ wá fún un ní òdo torí ìlù."

Mo fi ìyẹn sùn. Lẹ́yìn náà ni mo kà pé nígbà tí orin náà gba Oscar ní oṣù kẹta ọdún 1985, Stevie Wonder gba ère náà ní orúkọ Nelson Mandela, tó wà lẹ́wọ̀n nígbà náà, rédíò ìjọba South Africa sì fòfin de gbogbo orin rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú orin ló bí wọn nínú, mo mọ̀. Síbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rò ó pé ìjọba kan ń sá fún "mo kàn pè láti sọ pé mo fẹ́ràn rẹ". Ìlù ibẹ̀ kò tíì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo padà sí "Isn't She Lovely" ti 1976, tó ní ìràwọ̀ lọ́dọ̀ mi, tí ẹkún ọmọ tuntun wà nínú rẹ̀ gidi, mo sì rí i pé ọkàn kan náà ló wà nídìí méjèèjì. Ọkùnrin náà kì í tijú ìfẹ́. Ní 1976, ìlù àti ohùn gbé àìtijú yẹn. Ní 1984, kò sóhun tó gbé e, ó wá ń rìn lásán lójú títì láìwọ aṣọ. Mi ò pa òdo náà rẹ́. Mo fa ilà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí i pé mo gbọ́.

Òmíràn tí mi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe ni àwo Trans, ti Neil Young, tó ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ó fi ẹ̀rọ yí ohùn rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ orin ibẹ̀ débi pé èèyàn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Òdo, òdo, òdo. Ní 1983, ilé-iṣẹ́ agbórinjáde Geffen pe é lẹ́jọ́, wọ́n ń béèrè mílíọ̀nù dọ́là 3.3, wọ́n ní àwọn orin tó ń kó wá fún àwọn kò jọ orin Neil Young. Àwọn gan-an sọ ọ́ ní kóòtù ohun tí mo kọ sínú ìwé mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ó bí ọmọkùnrin kan tí àrùn ọpọlọ kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, àti pé ohùn ẹ̀rọ yẹn, tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò lè mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ìgbìyànjú òun àti ọmọ náà láti gbọ́ ara wọn ni. Orin náà kò dára sí i nítorí bẹ́ẹ̀. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ojú ewé yẹn, n kì í ṣí i mọ́ bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn ò fi máa jù wọ́n nù? Torí pé wọn ò mọ èyí tó yẹ ní jíjù. Ní 1983, Dylan kọ "Blind Willie McTell". Òun ló tẹ dùùrù, Mark Knopfler ta gìtá sí i. Mo rò pé ìràwọ̀ kan ṣoṣo kéré fún un. Nígbà tí àwo ọdún yẹn, Infidels, jáde, orin náà kò sí níbẹ̀, "Union Sundown" ló jókòó sí àyè rẹ̀. Ọdún 1991 ni wọ́n tó fi jẹ́ kí ayé gbọ́ ọ. Ẹ wo ohun tí ọkùnrin kan náà ṣe: "Blind Willie McTell" wà nínú àpótí ní 1990, "Wiggle Wiggle" sì ni orin àkọ́kọ́ lórí àwo. Irving Berlin náà kọ "God Bless America" ní 1918, ó gbé e jù sínú àpótí fún 20 ọdún.

Àwọn ìgbìmọ̀ náà ò mọ̀. Ní Motown, ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kan ní Amẹ́ríkà, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń jókòó yẹ orin wò, kí wọ́n tó dìbò lórí èyí tí yóò jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé "I Heard It Through the Grapevine" tí Marvin Gaye fi ẹnu kọ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gladys Knight and the Pips ni wọ́n gbé tiwọn jáde ní 1967. Inú àwo Marvin Gaye kan ni wọ́n fi tirẹ̀ pamọ́ sí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn oníṣẹ́ rédíò ló hú u jáde, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méje ní ipò kìíní. Bí gbogbo àwọn etí yẹn tó pé jọ lọ́jọ́ Ẹtì bá lè ṣì í, kí ni ti èmi tí íapíìsì mi ní etí kan?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fi ọmọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún ọ̀sán kan. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Mo kà níbì kan pé Dylan fi àwo Under the Red Sky jì ọmọ rẹ̀ kékeré, tí òun náà wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, mo ní ká dán an wò. Mo tẹ "Wiggle Wiggle" sí ẹ̀rọ. Ọmọ yìí dìde láìsọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Nígbà tí orin tán, ó ní kí n tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo tẹ̀ ẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ti gba báírò lọ́wọ́ mi, ó ti fi ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìrù sí òdo tí mo fà, ó ní ajá ni.

Mo ní kó jókòó, kí n jẹ́ kó gbọ́ èyí tó dára gan-an. Mo tẹ "Blind Willie McTell". Dùùrù bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, gìtá sì rọra tẹ̀ lé e. Ó ká ọwọ́ sórí itan, ó gbọ́ ọ fún bíi ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ sì wà lára mi.

"Àǹkù," ó rọra sọ, "ta ló kú?"